Olùṣọ́-Àgùntàn Tí Kò Ní Àgùntàn

Àpótí mẹ́rìnlá la kó wọ ìlú Arvaikheer
lóṣù tí itọ́ ń di yìnyín kó tó kanlẹ̀.
Ìwé Bàábá gba mẹ́sàn-án nínú wọn.
Ìkòkò kímúchì kan ṣoṣo ni ti Ìyá,
tó gbé lé itan láti Busan bí ọmọ tuntun,
nínú bàálù, nínú bọ́ọ̀sì.
Òtútù ilẹ̀ Mòǹgólíà kò bi í pé ọmọ ta ni.
Lóru ọjọ́ kẹta la gbọ́ "pàù!"
Ìkòkò ti là sí méjì,
ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ dúró gbagidi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé òun ti fọ́.
Ìyá di àpáàdì rẹ̀ sínú aṣọ ìnura.
Kò sọ nǹkan kan.
Bí oṣù méjì ni kò fi sọ nǹkan kan.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.
Èmi ni èdè wọn kọ́kọ́ yé; ọmọdé kì í dúró de gírámà.
Chuluun, ọmọ àgọ́ kejì, ló kọ́ mi
pé a kì í fẹsẹ̀ tẹ igi ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà,
pé kí n tó dé ilé ẹnikẹ́ni
kí n ké láti òkèèrè: "Ẹ di ajá yín mú o!"
Bí wọn ò ní ajá ńkọ́?
Ó ní kí n ṣáà ké e.

Ìyá-ìyá rẹ̀, Tsermaa, bu tíì oníyọ̀ fún mi,
ó ní, "Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe?"
Mo wá ọ̀rọ̀ náà títí. "Olùṣọ́-àgùntàn ni."
Ojú ìyá àgbà tàn. "Mélòó ló ní?"
Mo wo ẹsẹ̀ ara mi.
"Kò tíì ní ọ̀kankan."
"Háà," ó ní, "ìyà nìyẹn."
Ó bu tíì kún ago mi dé etí.

Lédè wọn, *hani* ni aya, *honi* ni àgùntàn.
Ẹnu lásán ló pààlà sí wọn láàárín:
là á, o ti gbéyàwó;
ká a kò, o ti di darandaran.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú ènìyàn méje
(mẹ́ta nínú wọn, iná ààrò wa ni wọ́n wá yá),
Bàbá na ọwọ́ sí Ìyá. Òtútù ti ká a lẹ́nu kò.
"Ẹ wo àgùntàn mi," ó ní,
"ọdún méjìlá ló ti ń tọ̀ mí lẹ́yìn."

Kẹ́kẹ́ pa.
Tsermaa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.
Ìyá fà mí láṣọ: "Kí ló wí? Kí ló wí?"
Mo sọ fún un, àyà mi ń já.
Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín
títí ó fi di àga mú, títí omijé fi dé,
mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́,
ẹnìkan ké lóde: "Ẹ di ajá yín mú o!"
Àwa tí a kò ní ajá.
Tsermaa ló dúró níbẹ̀,
orí ọ̀dọ́ àgùntàn yọ láti àyà ẹ̀wù rẹ̀.
Ìjì ti pa ìyá ẹran náà.
"Ẹ jẹ́ kí àgùntàn yín rí ẹnìkejì," ó ní.

Bàbá gbà á bí ẹni gbomi sínú ajere.
Ó ti wàásù nípa wọn láìmọye ìgbà,
kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí.
Ẹran náà tọ̀ sí i láyà.
Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìgò àbúrò mi fún un lómi wàrà,
ó da ìwé inú àpótí kan sílẹ̀,
ó tẹ́ aṣọ ìnura sí i. Àpáàdì ṣì wà níbẹ̀;
ó kó o sójú fèrèsé.

Tsermaa kò gba ìrìbọmi títí ó fi kú,
kò sì pa Ìsinmi kan jẹ.
Ó ní ẹran òun lòun ń wá wò.

Busan ni mo wà báyìí, àjà kẹtàdínlógún.
Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn,
ọwọ́ mi a lọ síbi aago,
ẹnu mi a sì ti máa ké e kí n tó mọ̀.